Máńgòrò Ẹ-máa-bọ̀

Àfẹ̀mọ́júmọ́ la kúrò ní èbúté Àjàṣẹ́,
èmi, Tàǹtí Basílíà, Dòsú atukọ̀,
àti ọmọ rẹ̀ kékeré tó ń fi agolo tòmátì
gbọ́n omi jáde nínú ọkọ̀.
Tàǹtí gbé àkàsà mẹ́rin lé itan,
ó ṣí agboòrùn nígbà tí oòrùn kò tíì yọ.
Kò wí nǹkan kan títí a fi kọjá àwọn akája,
níbi tí àwọn apẹja ti ri ẹ̀ka igi mọ́ ẹrẹ̀,
tí ẹja ń rò pé ilé ni.
Ó wá ní, "Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n gbé e gbà."

Mi ò béèrè ta ni.
Nílé wa, a kì í dárúkọ ìyá Tàǹtí lọ́sàn-án gangan.

Nígbà tí àìsàn tí a kì í pè lórúkọ wọ àdúgbò,
olóde, ilẹ̀ gbígbóná, èyí tó ń rìn nínú oòrùn,
àwọn Faransé yan erékùṣù yìí,
wọ́n kọ́ yàrá mẹ́jọ síbẹ̀, wọ́n fi ẹfun kùn ún,
wọ́n pè é ní lasarẹ́ẹ̀.
Àwọn èèyàn wa pè é ní Ẹ-máa-bọ̀.
Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá àdúrà ni àbí ẹ̀fẹ̀.

Ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ.
Èèyàn lè fi ẹsẹ̀ yí i ká kí ìrẹsì tó jinná.
Ewúrẹ́ mẹ́ta ń jẹ koríko; ta ló ni wọ́n?
Dòsú ní òun ò mọ̀.
Ògiri ṣì dúró, òrùlé ti lọ.
Páànù rẹ̀, Dòsú ní, wà lórí ilé ẹ̀gbọ́n òun,
kò sì jò rí.

Lára ògiri yàrá kẹfà, ẹnì kan ti fi ìṣó fa ìlà,
márùn-ún márùn-ún, bí àwọn tó ń ka àgbàdo lọ́jà.
Mo kà á dé mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ìlà tó kẹ́yìn kò gùn tó ìyókù.
Mi ò fi han Tàǹtí.
Ó ti rí i ṣáájú mi.

"Ọmọ ọdún méje ni mí.
Gbogbo Ọjọ́bọ̀, bàbá mi a wa ọkọ̀ dé ibi òpó,
a kò gbọdọ̀ kọjá òpó.
Màmá a jáde sí etí omi,
a tú gèlè, a fì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Ní Ọjọ́bọ̀ kan, gèlè yẹn náà ni,
apá mìíràn ló ń fì í.
Bàbá ní, 'Ṣé o rí i? Ara rẹ̀ ti ń yá.'
Mo ní mo rí i.
Ṣé ọmọ ò mọ apá ìyá rẹ̀ ni?"

"Wọn ò jẹ́ ká sunkún.
Ẹni tí olóde bá mú, ọpẹ́ là ń dú.
'A dúpẹ́, a dúpẹ́,' ni bàbá mi ń wí,
eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.
Èmi náà dúpẹ́ títí ohùn mi fi há."

Ibojì wọn kò ní orúkọ.
Igi máńgòrò kan ló wà níbẹ̀,
ó so, ó so, ẹ̀ka rẹ̀ ń kan ilẹ̀.
Kí a tó mọ̀, ọmọ Dòsú ti gùn ún,
omi èso ń ṣàn dé ìgúnpá rẹ̀.
Bàbá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn:
"Ṣé wọn ò sọ fún ọ pé a kì í jẹ ẹ́?"
Tàǹtí ní kó fi ọmọ sílẹ̀.
Ó na ọwọ́ sókè.
"Ju ọ̀kan sí mi. Kì í ṣe ìyẹn. Èyí tó pọ́n."

Nígbà tí à ń padà, ó tú gèlè rẹ̀.
Mo yíjú sí erékùṣù, mo rò pé yóò fì í.
Ó fi nu ẹnu ni,
lẹ́yìn náà ó fi nu ojú, ó sì tún nu ojú,
kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni
títí a fi dé èbúté.